Omi Ni Mo Kọ́kọ́ Sìn Kí N Tó Sin Ẹja Wúrà

Ẹja wúrà mẹ́jọ ni mo gbé wálé lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù kejì ọdún tó kọjá, nínú ọ̀rá tí ẹni tó tà á ti fẹ́ afẹ́fẹ́ sí títí ó fi le bí bọ́ọ̀lù. Nígbà tí Sátidé mìíràn yóò fi pé, mẹ́ta péré ló kù. Ebi kọ́ ló pa àwọn márùn-ún yòókù, nítorí pé mo ń bọ́ wọn ju bó ti yẹ lọ. Ẹni tó tà wọ́n kò sì jẹ̀bi, nítorí pé ara wọn dá ṣáká nígbà tí mo gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo dà wọ́n sínú omi tí kò tíì gbó. Omi náà mọ́ gaara, kò rùn, ọmọ mi àbíkẹ́yìn sì lè dúró létí rẹ̀ kí ó máa ka òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n oró wà nínú rẹ̀ tí ojú kò lè rí. Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ lónìí ni bí mo ṣe tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú àgbàlá wa ní Àkúrẹ́, lápá ọ̀nà tó lọ sí Ìdànrè, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ má baà fi ẹ̀mí ẹja kọ́ ọgbọ́n bí mo ti ṣe.

Orúkọ tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí káàkiri àgbáyé ń pè é ni aquaponics. Ẹja àti ẹ̀fọ́ ni a ń sìn pọ̀ lórí omi kan ṣoṣo. Ẹja á jẹun, ìdọ̀tí ara rẹ̀ á bọ́ sínú omi, pọ́ǹpù kékeré kan á sì fa omi náà lọ sínú ọpọ́n tó kún fún òkúta wẹ́wẹ́, níbi tí gbòǹgbò ẹ̀fọ́ wà. Òkúta àti gbòǹgbò á gba ohun tó wúlò fún wọn nínú omi náà, á sì ṣàn padà sọ́dọ̀ ẹja. Kò sí ilẹ̀ níbẹ̀, kò sí ajílẹ̀ òyìnbó, kò sì sẹ́ni tó ní láti máa bomi rin ẹ̀fọ́ láàárọ̀ lálẹ́. Omi tí a ń pàdánù kò ju èyí tí oòrùn fà àti èyí tí ewé mu lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n James Rakocy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Virgin Islands, ní àwọn erékùṣù Kàríbíà, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1980, nítorí pé omi tí a lè fi dáko kò pọ̀ níbẹ̀. Ní ti Àkúrẹ́, òjò kò wọ́n wa. Ohun tó wọ́n àwa tí a ń gbé inú ọgbà kékeré ni ilẹ̀. Kọnkéré ló bo àgbàlá wa láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìn ilé ìdáná, ohun kan ṣoṣo tí mo sì lè gbìn tẹ́lẹ̀ ni èyí tó bá wọ inú kẹ́ẹ̀gì tí a gé lórí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó rí i ló ti bi mí pé kí ló dé tí n kò fi àrọ̀ sí i. Ìbéèrè náà tọ́, nítorí pé àrọ̀ ni ẹja tí àwọn aládàágún mọ̀ jù lọ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹ̀ka tó ń kọ́ni nípa ọ̀sìn ẹja sì wà ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀, níbí. Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́dàá fún àrọ̀ ní ohun tó fi lè mí afẹ́fẹ́ lójú omi, nítorí náà ó lè fara da omi tó ti bàjẹ́ gan-an láì jẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ mọ̀ pé nǹkan ti wọ́. Ẹja wúrà kì í fi tirẹ̀ pamọ́. Bí omi bá ti yí padà díẹ̀, á gòkè wá, á máa la ẹnu lójú omi, á pa lẹ́bẹ́ rẹ̀ mọ́ra, ẹni tó bá sì ń wò ó lójoojúmọ́ á mọ̀. Ìdí kejì ni pé a kì í jẹ ẹ́. Ẹni tó bá ń sin àrọ̀ á kó ẹja rẹ̀ tà lọ́jọ́ kan, lọ́jọ́ náà ni oúnjẹ ẹ̀fọ́ rẹ̀ á sì dín kù. Ṣùgbọ́n ẹja wúrà tí a bá tọ́jú dáadáa lè lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí yóò máa bọ́ ẹ̀fọ́ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Àwọn ará Ṣáínà ló ti sọ ọ́ di ẹja ilé láti ohun tó ju 1,000 ọdún lọ, láti ara ẹja odò kan tí àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹrẹ̀, ó sì ti mọ́ ọn lára láti gbé nínú omi kékeré lábẹ́ ojú ènìyàn. Ọyẹ́ kì í sì í ṣe é ní nǹkan kan. Kí ẹni tó bá fẹ́ rà á yan èyí tí ara rẹ̀ gùn tí ó sì ní ìrù kan ṣoṣo. Àwọn oníkùn roboto tí ìrù wọn pín sí méjì lẹ́wà, ṣùgbọ́n wọn kò lè sáré jẹun, ara wọn kò sì le tó.

Dúrọ́ọ̀mù búlúù méjì tó ń gba 220 lítà ni mo rà. Mo béèrè ohun tí wọ́n ti fi kó, mo sì gbóòórùn inú wọn kí n tó sanwó: òróró ìsebẹ̀ ni. Èyí tí wọ́n bá ti fi kó kẹ́míkà kò ṣeé lò, bó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó. A dá ọ̀kan dùbúlẹ̀, káfíńtà sì gé ojú fèrèsé gígùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó kọjú sókè, nítorí pé ojú omi ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú omi, dúrọ́ọ̀mù tó bá sì dùbúlẹ̀ ní ojú omi tó fẹ̀ ju èyí tó dúró lọ. Omi bíi 170 lítà ló ń gbà báyìí. Èkejì ni a là sí méjì lóòró, mo sì fẹ́ fi ìlàjì méjèèjì ṣe ọpọ́n òkúta, àfi ìgbà tí púlọ́ḿbà tó bá mi ṣiṣẹ́ ní kí n jókòó kí n ṣírò. Òkúta wẹ́wẹ́ tó kún ọpọ́n 110 lítà máa ń fi àyè tó nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún sílẹ̀ láàárín ara wọn, èyí tó túmọ̀ sí pé ọpọ́n kọ̀ọ̀kan á gba omi bíi 44 lítà lọ́wọ́ ẹja nígbàkígbà tó bá kún. Ọpọ́n méjì tó bá kún lẹ́ẹ̀kan náà á gba 88 lítà, ìyẹn ju ìlàjì omi tí ẹja wà nínú rẹ̀ lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ arákùnrin náà títí dòní. Ìlàjì kan ló di ọpọ́n òkúta. Èkejì ni omi tí a bá fà nínú kànga ti ń sùn kí n tó bù ú fún ẹja, nítorí pé omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ kì í ní ọ́síjìn tó. Ẹni tó bá ń lo omi ẹ̀rọ ìjọba gbọ́dọ̀ jẹ́ kí tirẹ̀ wà ní ṣíṣí fún ọjọ́ kan sí méjì, kí kúlórínì tó wà nínú rẹ̀ lè fò lọ, nítorí pé ohun tí a fi ń pa kòkòrò nínú omi mímu á pa ẹja náà pẹ̀lú.

Káfíńtà fẹ́ fi pákó ṣe ìdúró fún ọpọ́n òkúta. N kò gbà fún un. Òkúta àti omi tó kún ọpọ́n kan ṣoṣo wúwo tó nǹkan bí 200 kìlógíráàmù, pákó tí òjò Àkúrẹ́ bá sì ń pa láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá kò ní gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ pẹ́. Bùlọ́ọ̀kù oníhò ni mo tò, mo sì gbé ọpọ́n lé e lórí kí ìdí rẹ̀ lè ga ju ojú omi ẹja lọ.

Ní ti òkúta, ibi tó dára ni a tẹ̀dó sí. Òkúta gíránáìtì ni ilẹ̀ wa dúró lé, ẹni tó bá ti rí àwọn òkè Ìdànrè kò nílò àlàyé. Èyí tí wọ́n ń fọ́ wẹ́wẹ́ fún àwọn bíríkìlà gan-an ni mo rà. Gíránáìtì kì í yòrò sínú omi, kì í sì í yí i padà. Òkúta ẹfun ló máa ń yòrò díẹ̀díẹ̀ tó sì ń yí omi padà. Bí a ṣe lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀ ni pé kí a fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sórí òkúta náà: bí ó bá hó pẹ̀lú ìfófòó, òkúta ẹfun wà nínú rẹ̀, kí a dá a padà. Tèmi kò hó. Ẹ̀ẹ̀méje ni mo fọ̀ ọ́ kí ìyẹ̀fun rẹ̀ tó tán, omi tí mo dà nù lẹ́ẹ̀kìíní sì funfun bí ògì.

Ohun tó ń jẹ́ kí ọpọ́n kún kí ó sì tún gbẹ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án ni páìpù mẹ́ta tó wọ inú ara wọn. Èyí tó tín-ínrín jù dúró lóòró nínú ọpọ́n, orí rẹ̀ fi nǹkan bí íǹṣì méjì rẹlẹ̀ sí ojú òkúta, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì gba ìdí ọpọ́n kọjá sórí dúrọ́ọ̀mù ẹja. Páìpù tó nípọn jù ú lọ ni a fi dé e lórí bí agogo. A dí orí rẹ̀ pa pátápátá, a sì gé eyín sí ẹsẹ̀ rẹ̀ kí omi lè máa wọlé. Ẹ̀kẹta, tó fẹ̀ jù, tó sì kún fún ihò, ni kì í jẹ́ kí òkúta súnmọ́ wọn. Bí omi bá ti kún dé orí páìpù tín-ínrín, á bẹ̀rẹ̀ sí í dà sínú rẹ̀, á gbé afẹ́fẹ́ inú agogo lọ, ìfà á sì mú, gbogbo omi ọpọ́n á ya wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, títí afẹ́fẹ́ yóò fi wọ ẹsẹ̀ agogo tí ìfà yóò sì já. Kí ó tó já, ó máa ń dún bí ẹ̀mu tó ń tán lọ nínú akèrègbè, a sì lè gbọ́ ọ láti inú ilé ìdáná. Ìrọ̀lẹ́ méjì gbáko ni mo fi tún un ṣe, nítorí pé bí pọ́ǹpù bá lọ́ra jù, omi á kàn máa ro wálẹ̀ tóótòòtó láì ní ìfà. Bí ó bá sì yá jù, ìfà náà kò ní já. Ó yẹ kí a ní sùúrù fún apá yìí, nítorí pé ìgbà tí ọpọ́n bá gbẹ ni afẹ́fẹ́ ń wọ ìdí gbòǹgbò àti ara òkúta, afẹ́fẹ́ yẹn sì ni àwọn òṣìṣẹ́ tí a kò rí fi ń ṣiṣẹ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ náà ni ọ̀rọ̀ mi gan-an dá lé lórí. Ẹja kì í fi ìgbẹ́ nìkan ba omi jẹ́. Ibi tó fi ń mí ni amóníà ti ń jáde jù lọ, amóníà yìí sì máa ń jó o lára bí ó bá ti pọ̀ díẹ̀ nínú omi. Ẹgbẹ́ bakitéríà kan wà tó ń fi amóníà ṣe oúnjẹ tó sì ń sọ ọ́ di nitrite. Nitrite náà kò dára fún ẹja, nítorí pé kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè gbé ọ́síjìn. Ẹgbẹ́ kejì ló ń gba nitrite tó ń sọ ọ́ di nitrate, èyí tí ẹja lè fara dà, tí ẹ̀fọ́ sì ń wá kiri. Sergei Winogradsky, onímọ̀ ará Rọ́ṣíà, ló fi hàn ní nǹkan bí ọdún 1890 pé ẹgbẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà tẹ̀lé ara wọn. Ara òkúta ni wọ́n ń dì mọ́, wọn kì í sì í bí síi kíákíá bí àwọn tó ń ba ọbẹ̀ jẹ́. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n máa ń gbà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ọjọ́ méjì péré ni omi mi fi ṣiṣẹ́ kí n tó da ẹja mẹ́jọ sínú rẹ̀. Kò sí bakitéríà kankan níbẹ̀ tó tó nǹkan. Ní ọjọ́ kẹta mo rí i pé wọ́n ń la ẹnu lójú omi, mo rò pé ebi ni, mo tún da oúnjẹ sí i, oúnjẹ tí wọn kò jẹ sì rà, ó tún di amóníà. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan tó ní àpótí ẹja onídígí fi oògùn àyẹ̀wò amóníà rẹ̀ kán omi náà, omi tó yẹ kó pupa rẹ́súrẹ́sú bí ti àgbálùmọ̀ tó pọ́n di àwọ̀ ewé tó ṣú bí ewúro.

Mo kó àwọn mẹ́ta tó kù sínú agbada ńlá kan nínú ilé, mo sì ń pààrọ̀ ìdá mẹ́ta omi wọn lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Lẹ́yìnkùlé, mo jẹ́ kí pọ́ǹpù máa ṣiṣẹ́ lórí omi tí kò ní ẹja kankan. Oúnjẹ ẹja tó tó ohun tí ìka mẹ́ta lè mú ni mo ń wọ́n sí i láràárọ̀ kí ó lè rà kí ó sì mú amóníà jáde. Ọ̀rẹ́ mi fún mi ní fóòmù kan láti inú àpótí ẹja rẹ̀ tó ti lò pẹ́, mo fún un sórí òkúta, omi dúdú tó jáde nínú rẹ̀ ni mo fi ṣe irúgbìn bakitéríà. Mo ra oògùn àyẹ̀wò tèmi náà, mo sì ń kọ ohun tí mo bá rí sínú ìwé àwọn ọmọ. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ìgò amóníà bẹ̀rẹ̀ sí í di àwọ̀ ewé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó ṣú gan-an, ìgò nitrite tó jẹ́ àwọ̀ sánmà tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í di àwọ̀ àlùkò. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, amóníà wá sílẹ̀ ṣùgbọ́n nitrite kò kúrò lójú kan. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ń rí àwọ̀ àlùkò kan náà láràárọ̀, ó sì ń ṣe mí bíi kí n kó ẹja padà. N kò kó wọn. Ní ọjọ́ kẹtàlélọ́gbọ̀n, ìgò méjì àkọ́kọ́ padà sí àwọ̀ tí wọ́n ní nígbà tí omi bá dára, ìgò nitrate sì pọ́n bí epo. Omi ti gbó. Ooru wa níbí ló jẹ́ kó yá tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ara àwọn bakitéríà náà máa ń dá síi nínú omi tó gbóná díẹ̀.

Ooru yẹn kan náà ló ń fìyà jẹ ẹja. Omi tó bá wà ní ìwọ̀n 20 lórí tẹmómítà Sẹ́síọ́ọ̀sì lè gba ọ́síjìn bíi mílígíráàmù 9 nínú lítà kan. Bí ó bá gbóná dé 30, kò ní lè gbà ju nǹkan bí 7.5 lọ, ẹja wúrà sì fẹ́ràn omi tutù ju omi gbígbóná lọ. Nínú oṣù kẹta, tẹmómítà mi ń fi 31 hàn ní agogo mẹ́ta ọ̀sán. Imọ̀ ọ̀pẹ ni mo fi ṣíji bo dúrọ́ọ̀mù, mo sì na àwọ̀n sí abẹ́ rẹ̀ nítorí ológbò àwọn ará ilé kejì. Iná kò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí náà pọ́ǹpù tí mo rà ń lo bátìrì 12 fóltì tí páńẹ́lì sólà kan ń gba agbára fún, èmi sì ní ẹ̀rọ kékeré mìíràn tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi lóru. Àfẹ̀mọ́jú ni ọ́síjìn máa ń kéré jù lọ nínú omi, ìgbà yẹn ni ó yẹ kí a lọ wò wọ́n.

Mẹ́ta ni mo fi kún mẹ́ta, wọ́n di mẹ́fà, n kò sì ní fi kún un mọ́ lórí omi 170 lítà. Ẹja wúrà kò ní àpòlúkù gidi tí oúnjẹ lè dúró sí, bí ó bá ti ń wọlé ló ń kọjá lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣe bí ẹni tí ebi ń pa nígbà gbogbo. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni mo ń bọ́ wọn, ohun tí wọ́n lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, n kì í sì í wo ojú wọn. Wọ́n ń jẹ ìdin ẹ̀fọn pẹ̀lú, a kò sì rí ìdin kankan nínú omi náà láti ìgbà tí wọ́n ti dé ibẹ̀.

Gbúre ló kọ́kọ́ mú, igi rẹ̀ lásán ni mo tì bọ àárín òkúta. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ẹfinrin tẹ̀lé e. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí mo hù nínú abọ́ tí mo sì fọ ilẹ̀ kúrò lára gbòǹgbò rẹ̀ dáadáa kí n tó gbé e wá, ó tó já láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ewé rẹ̀ sì rọ̀ ju èyí tí mo ń rà ní Ọjà Ọba lọ. A ń fọ ewé náà kí a tó sè é, omi ẹja kì í sì í kan ewé nítorí pé abẹ́ òkúta ló máa ń dé mọ. Tòmátì hù, ó ga, ó tanná, ṣùgbọ́n òdòdó rẹ̀ ń rẹ̀ dànù, etí àwọn ewé rẹ̀ àgbà sì ń gbẹ bí ìwé tí iná rà. N kò mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà.

Ìyá ọkọ mi wá kí wa láti Ìdànrè nínú oṣù kẹfà. Kòkòrò wẹ́wẹ́ dúdú kan ti bo abẹ́ ewé ẹ̀fọ́ nígbà náà, mo sì ń fi ọwọ́ pa wọ́n nítorí pé a kò gbọ́dọ̀ fín oògùn kankan sórí omi tí ẹja ń mu. Màámi kó eérú èèpo kòkó dání, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Nígbà tí mo lọ síbi iṣẹ́, wọ́n rí kòkòrò náà, àánú ẹ̀fọ́ ṣe wọ́n, wọ́n sì wọ́n eérú ẹ̀kúnwọ́ méjì sórí rẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe é lóko láti ìgbà èwe wọn. Nígbà tí mo dé ní agogo méjì, ẹja mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń sáré gba ara dúrọ́ọ̀mù, ọ̀kan sì ti fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Mo wọn pH omi náà. Ìwọ̀n tó ń sọ bóyá omi ń kan bí ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí omi eérú nìyẹn. 7 ni àárín. Ní àná ó wà ní 7.0, ó ti di 8.6. Ewu tó wà nínú rẹ̀ ni pé amóníà díẹ̀ tó wà nínú omi tí kì í ṣe ẹja ní nǹkan kan nígbà tí pH bá wà ní 7, á di oró nígbà tí pH bá gòkè bẹ́ẹ̀, pàápàá nínú omi gbígbóná. Mo pa pọ́ǹpù, mo bu ìdá mẹ́ta omi náà dà nù, mo fi èyí tó ti sùn nínú ìlàjì dúrọ́ọ̀mù rọ́pò rẹ̀, mo sì fọ òkúta òkè ọpọ́n kí eérú tó wà lára rẹ̀ lè kúrò. Mo tún un ṣe ní ìrọ̀lẹ́. N kò pààrọ̀ gbogbo omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí pé bí pH bá já lulẹ̀ lójijì, ìyẹn náà lè pa wọ́n. Kò sí èyí tó kú.

“Ìyàwó mi,” ni Màámi wí, wọ́n dìde dúró létí omi títí ilẹ̀ fi ṣú, “eérú ni a fi ń gba ẹ̀fọ́ là láti ọjọ́ aláyé.”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Lórí ilẹ̀ ni. Ilẹ̀ pọ̀, ó lè gbà á mọ́ra. Omi yìí kéré, kò sì sí ibi tí eérú lè lọ.”

Wọ́n ní kí n fi ìgò tí mo fi ń wọ̀n ọ́n han àwọn. Mo fi hàn wọ́n.

Nígbà tí oṣù kẹsàn-án fi dé, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Iṣẹ́ tí àwọn bakitéríà ń ṣe máa ń mú kí omi kan díẹ̀díẹ̀, pH mi sì ti sọ̀ kalẹ̀ dé 6.2, bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn bakitéríà náà gan-an á dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Mo fọ́ ìkarahun ìgbín, mo dì í sínú àpò àlùbọ́sà, mo sì gbé e sábẹ́ ibi tí omi ti ń dà wálẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni. Ìgbà yẹn ni mo wá kà nípa etí ewé tòmátì tó ń gbẹ: pọ́tásíọ̀mù ló ń wá. Oúnjẹ ẹja kì í ní i tó fún ohun ọ̀gbìn tó ń so èso. Eérú èèpo kòkó sì ni ohun tí pọ́tásíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀ jù lọ nínú gbogbo ohun tó wà ní ilé wa. Òun náà ló sì ń gbé pH sókè. Ohun tó fẹ́ẹ̀ pa ẹja mi nínú oṣù kẹfà gan-an ni omi náà ń béèrè nínú oṣù kẹsàn-án, bí a bá lè wọ̀n ọ́n.

Mo pe Màámi lórí fóònù. Wọ́n fi eérú ránṣẹ́ sí mi nínú ike mílíìkì nípasẹ̀ awakọ̀ kan. Ṣíbí ìpo-tíì kan ni mo ń pò sínú omi lítà mẹ́wàá, á sùn mọ́jú kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lè sílẹ̀, n óò sì da èyí tó tòrò lójú rẹ̀ sí ìgò. Ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ni mo ń da sórí òkúta láàárọ̀, n óò wọn pH ní ìrọ̀lẹ́, bí ó bá ti gòkè ju 0.2 lọ, n kò ní fi kún un ní ọjọ́ kejì. Ọjọ́ mọ́kànlá ló gbà kí ó tó padà dé 6.8, ẹja kankan kò sì yí ìwà padà. Ewé tuntun tí tòmátì yọ lẹ́yìn náà kò gbẹ létí, òdòdó mẹ́rìnlá sì dúró lórí rẹ̀ tí wọ́n di ọmọ.

Màámi tún wá nínú oṣù kọkànlá, nígbà tí tòmátì àkọ́kọ́ ti ń pọ́n. Kí n tó jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti wà lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú ọmọ mi. Ọmọ náà ti bu omi sínú ìgò, ó ti kán oògùn sí i, Màámi sì gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀, wọ́n di ojú kan, wọ́n ń fi àwọ̀ rẹ̀ wé ti inú páálí.

“Ó ṣì ń kan díẹ̀,” ni wọ́n wí, wọ́n sì na ọwọ́ sí ìgò omi eérú.